Ẹ Fi Ohun tí Ẹ Yọ Hàn Mí: Ẹ̀kọ́ tí Mo Kọ́ Láàárín Ihò àti Ìlanú

Ẹ̀yin àbúrò mi nínú iṣẹ́ abẹ,

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọ̀kan nínú yín fi àwòrán kan ránṣẹ́ sórí Wásáàpù ẹ̀ka wa. Ikùn aláìsàn kan ni, ó mọ́ tónítóní, pílásítà kéékèèké mẹ́rin péré ni ó wà lára rẹ̀, ẹni tí ó fi ránṣẹ́ sì kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni òun yọ láì la inú. Ẹni mọ́kànlélógún ni mo kà tí ó pàtẹ́wọ́ fún un. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú yín tí ó béèrè bí ohun tí ó yọ náà ṣe rí. Mo wo àwòrán yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú, nítorí pé èmi náà ti kó irú rẹ̀ jọ sínú fóònù mi rí. Mẹ́sàn-án ni wọ́n, mo sì pa gbogbo wọn rẹ́ ní òru ọjọ́ kan.

Ọdún yìí ni ó pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo di kọnsọ́táǹtì. Àwọn tí ń ṣètò ìpàdé ẹ̀ka wa ní kí n kọ ẹ̀kọ́ mẹ́fà tí mo ti kọ́ sílẹ̀ fún yín, kí ó ṣe ṣókí, kí ó sì ní nọ́ńbà. N óò gbìyànjú. Mo gbà pé ẹ ti mọ bí a ṣe ń ka àwòrán CT, ìyẹn àwòrán inú ara tí ẹ̀rọ ń yà, pé ẹ mọ ìyàtọ̀ láàárín ìpele kẹta àti ìpele kẹrin jẹjẹrẹ, àti pé ẹ ti dúró ti iṣẹ́ abẹ ìfun tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi ní láti bẹ̀rẹ̀ láti orí a, b, d.

Èkíní ni pé ọ̀nà àbáwọlé lásán ni iṣẹ́ abẹ oníhò jẹ́. Ìbáà jẹ́ pé ẹ lu ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí ẹ sì fi gáàsì carbon dioxide fẹ ikùn kí kámẹ́rà lè ríran, tàbí pé ẹ fi ọ̀bẹ la inú láti òkè ìdodo dé ìsàlẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni ó ń dúró dè yín nínú lọ́hùn-ún: kí ẹ di iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ní gbòǹgbò, kí ẹ yọ ìfun náà ní odindi pẹ̀lú ọ̀rá tí ó so ó rọ̀, kí wóró lymph, ìyẹn àwọn wóró kéékèèké inú ọ̀rá náà tí jẹjẹrẹ máa ń ràn dé, tí yàrá àyẹ̀wò yóò rí kà má dín ní 12, kí etí ibi tí ẹ gé sì mọ́ kúrò lọ́wọ́ jẹjẹrẹ. Ẹni tí ó bá ṣe gbogbo èyí láti ojú ihò ti ṣe dáadáa. Ẹni tí ó ní láti la inú kí ó tó lè ṣe é ti ṣe dáadáa bákan náà.

Èkejì ni pé kí ẹ mọ ohun tí ìwádìí sọ, kí ẹ sì mọ irú ènìyàn tí ó sọ ọ́ nípa wọn. Ọdún 1991 ni Jacobs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Miami tẹ ìròyìn jáde nípa gígé ìfun ńlá láti ojú ihò. Kò pẹ́ tí ẹ̀rù fi ba àwọn oníṣẹ́ abẹ káàkiri, nítorí pé jẹjẹrẹ bẹ̀rẹ̀ sí í hù lójú ihò tí wọ́n lu; ní 1994, Berends àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Netherlands ròyìn pé ó ṣẹlẹ̀ sí mẹ́ta nínú aláìsàn 14. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n pè ní COST, tí èsì rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2004, ni ó fi ọkàn àwọn ènìyàn balẹ̀. Nínú aláìsàn 872, jẹjẹrẹ padà wá bá 16 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n ṣe tiwọn láti ojú ihò, ó sì padà wá bá 18 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n la inú wọn. Èyí tí ó hù lójú ọgbẹ́ kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún ní apá méjèèjì. Àwọn tí wọ́n lu ihò fún lo ọjọ́ 5 ní ilé ìwòsàn nígbà tí àwọn yòókù lo 6, oògùn ìrora tí wọ́n gbà sì dín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ tiwọn gba ìṣẹ́jú 150 dípò 95. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni CLASICC ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde pẹ̀lú aláìsàn 794, níbi tí ó ti hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ tí wọ́n fi ihò bẹ̀rẹ̀, 29 ni wọ́n fi ìlanú parí.

Ìròyìn ayọ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ tún ṣí ojú ewé tí wọ́n kọ àwọn tí wọn kò gbà sí. COST kò gba ẹni tí jẹjẹrẹ rẹ̀ ti ràn mọ́ ẹ̀yà ara tí ó wà nítòsí, kò gba ẹni tí ìfun rẹ̀ dí, kò sì gba ẹni tí ìfun rẹ̀ lu. Àwọn wọ̀nyẹn gan-an ni ó kún wọ́ọ̀dù wa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà ni ìjọba fi ń bá ẹni tí ó ti pé ẹni 50 ọdún nílé, pẹ̀lú ike kékeré tí yóò bu ìgbẹ́ sí fún àyẹ̀wò. Lọ́dọ̀ tiwa, aláìsàn yóò ti mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí fún oṣù mẹ́fà, wọn yóò ti tọ́jú jẹ̀díjẹ̀dí kan náà fún un ní ilé ìwòsàn méjì láìsí ẹni tí ó ti ìka bọ ìdí rẹ̀ wò, kí ó tó gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ yín pẹ̀lú kókó tí ọwọ́ ń bà láti òde ikùn. Mo ti jókòó ní àpérò tí n kò lè ka iye rẹ̀ mọ́, níbi tí àlejò kan ti ń fi fídíò iṣẹ́ tí kò ní ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan hàn wá, tí gbogbo wa sì ń mi orí. Ẹnì kan kì í dìde béèrè bí kókó inú fídíò náà ti tóbi tó. Èmi náà kò béèrè rí.

Ẹ̀kẹta ni pé kí ẹ ti yan wákàtí tí ẹ óò la inú kí ẹ tó lu ihò àkọ́kọ́. Ibí yìí ni mo ní láti sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2014.

Obìnrin náà jẹ́ ẹni ọdún 52, aṣọ òkè ni ó ń tà, ó sì bí ọmọ mẹ́rin. Ó ti ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́wàá. CT fi hàn pé jẹjẹrẹ wà ní sigmoid, ìyẹn apá ìfun ńlá tí ó ṣẹ́ kọ́rọ́ ní ìsàlẹ̀ ikùn lápá òsì, ó tóbi tó ìkúùkù ọmọdé, ó sì fara ti àpò ìtọ̀ débi pé ẹni tí ó ka àwòrán náà kọ ọ́ pé òun kò rí ààlà láàárín àwọn méjèèjì. Kò tíì dé ẹ̀dọ̀, kò sì tíì dé ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tí a ṣì lè wò sàn ni.

Iṣẹ́ oníhò mẹ́sàn-án ni mo ti ṣe fún jẹjẹrẹ ìfun ṣáájú rẹ̀. Kókó kéékèèké ni gbogbo wọn, apá ọ̀tún ni èyí tí ó pọ̀ jù, ibi tí ààyè wà. Ọdún tí ó ṣáájú ni wọ́n gbé ẹ̀rọ náà dé, pẹ̀lú onílù àti rìbọ́ọ̀nù gígé, àwọn kan náà tí wọ́n ya fọ́tò níwájú rẹ̀ kò sì ra sílíńdà gáàsì kejì fún wa títí ọdún fi yípo. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ ṣe iṣẹ́ obìnrin yìí, àlejò kan wá láti òkè òkun láti wo ibi tí a bá iṣẹ́ dé. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n kejì sí yàrá ìpàdé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn lè máa wo ohun tí kámẹ́rà ń rí. Ọkùnrin kan wà nínú ìwé iṣẹ́ ọjọ́ náà tí kókó tirẹ̀ kò ju èso àgbálùmọ̀ lọ, tí ó wà níbi tí ó rọrùn. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi obìnrin náà ṣáájú, nítorí pé mo fẹ́ kí àlejò rí i pé kò sí èyí tí mo ń bẹ̀rù.

Ọ̀gá mi àgbà, tí ó ti ń la inú fún ọgbọ̀n ọdún, ti dúró lẹ́sẹ̀ ibùsùn rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ó fi ọwọ́ tẹ ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ó wo àwòrán, ó ní, "Èyí ti lẹ̀ mọ́ nǹkan. Ìlanú ni kí o ṣe fún un." Mo dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, sà." Nígbà tí ó lọ tán, mo sọ fún àwọn rẹ́sídẹ́ǹtì pé iṣẹ́ ayé Nóà ni bàbá ń ṣe, ẹnì kan sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá a. Títí di òní, n kò gbà pé ó tọ̀nà nínú ohun gbogbo, nítorí pé ó pe iṣẹ́ wa ní eré fídíò, ó sì dí ọ̀nà mọ́ àwọn tí ó fẹ́ kọ́ ọ fún ọdún mẹ́rin gbáko. Lórí ọ̀ràn obìnrin yìí, òótọ́ ni ó sọ. Ó ṣì ń dùn mí pé òun ni ó sọ ọ́.

Mo tún gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ bí mo ṣe gba ìyọ̀ǹda wọn. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ti gbọ́ nípa iṣẹ́ oníhò lẹ́nu ìbátan wọn kan ní London. Nígbà tí ó béèrè, mo ṣàlàyé ihò fún un fún ìdajì wákàtí, mo sọ nípa ìrora tí yóò dín, nípa àpá tí kò ní hàn, nípa ọjọ́ márùn-ún tí yóò lò. Nípa ìlanú, gbólóhùn kan ni mo sọ: "Àfi bí ó bá pọn dandan." Wọ́n yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, wọ́n sì ta aṣọ òkè tí Màmá ti tọ́jú fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, kí wọ́n lè ra stapler, ìyẹn irinṣẹ́ tí a fi ń kan ìfun pọ̀, àti àwọn irinṣẹ́ ìlò-ẹ̀ẹ̀kan tí iṣẹ́ náà gbà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Màmá fúnra rẹ̀ bi mí: "Dókítà, ṣé n óò ti padà sí ìsọ̀ mi kí Iléyá tó dé?" Mo ní kí ó má mikàn.

A bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, mo ti rí gbogbo ohun tí ó yẹ kí n rí: kókó náà lẹ̀ pinpin mọ́ orí àpò ìtọ̀. Ẹ̀yin náà mọ òfin. Bí jẹjẹrẹ bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀yà ara mìíràn, ojú kò lè sọ bóyá jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ ni ó wọ inú ibẹ̀ tàbí wíwú lásán ni ó so wọ́n pọ̀, nítorí náà a kì í bó wọn kúrò lára ara wọn; a máa ń gé ẹ̀yà tí ó lẹ̀ mọ́ náà pọ̀ mọ́ ìfun ni, kí wọ́n jáde gẹ́gẹ́ bí ohun kan. Ká ní ìka mi wà nínú ikùn náà ni, ì bá ti sọ fún mi pé ara àpò ìtọ̀ níbẹ̀ ti le bí igi. Ọ̀pá gígùn tí a fi ń ṣiṣẹ́ láti ojú ihò kì í jẹ́ kí ọwọ́ mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. N kò sì tíì gé ara àpò ìtọ̀ láti ojú ihò rí, bẹ́ẹ̀ ni n kò tíì rán an láti ibẹ̀ rí. Mo sọ sókè, kí yàrá ìpàdé lè gbọ́, pé wíwú lásán ni, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó o.

Ní aago mọ́kànlá, Mátírọ́nì tíátà, tí ó ti ń na irinṣẹ́ sí àwọn oníṣẹ́ abẹ kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, rọra sọ pé, "Dókítà, ṣé kí n tọ́jú àwo ìlanú sí tòsí?" Mo mọ ohun tí ó ń sọ. Lọ́dọ̀ wa, nọ́ọ̀sì kì í sọ fún oníṣẹ́ abẹ pé kí ó la inú. Bóyá kí òun gbé àwo wá ni yóò béèrè. Mo ní, "Ẹ má ṣe ìyọnu, Mà." Ó tún béèrè ní aago méjìlá, mo sì dá a lóhùn bákan náà. Nígbà kẹta, kò béèrè mọ́. Ó kàn lọ gbé e wá, ó sì fi aṣọ bò ó, kí ojú má baà tì mí.

Ní nǹkan bí aago kan ku ogún ìṣẹ́jú, iná lọ. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí jẹnẹrétọ̀ fi gbà á, ṣùgbọ́n láàárín àkókò yẹn, ojú tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn, irinṣẹ́ mi sì di kókó náà mú. Nígbà tí iná dé, ó ti ya, ohun ẹlẹ́gbin sì ń ti ibẹ̀ ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ ikùn. Fún bí ọdún méjì, mo sọ fún gbogbo ẹni tí ó bi mí pé iná ni ó fà á. Irọ́ ni. Mo ti fa kókó yẹn fún wákàtí mẹ́ta. Yóò ya náà ni. Ohun tí iná ṣe fún mi ni pé kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ìgbà tí ó ya gan-an.

Síbẹ̀, n kò la inú. Mo fa ohun tí ó dà sílẹ̀, mo fi omi ṣan ibẹ̀, mo sì ń bá a lọ. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí aago méjì lù, iṣan kan ní ìsàlẹ̀ ikùn bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹ̀jẹ̀, kámẹ́rà ń pupa, a ń nù ún, ó tún ń pupa, dókítà akunnilóorun sì sọ pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti já sí 70. Ìgbà yẹn ni mo ní kí wọ́n gbé àwo wá. Ó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wákàtí mẹ́rin àti ogún ìṣẹ́jú ti kọjá. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ẹnì kan ti dìde pa tẹlifíṣọ̀n yàrá ìpàdé, àti pé àlejò wa ti lọ kí ó tó di ìgbà náà, nítorí pé ó ní ọkọ̀ òfurufú tí ó fẹ́ bá.

A dá ẹ̀jẹ̀ dúró. A gé ìfun náà pẹ̀lú díẹ̀ lára àpò ìtọ̀, lẹ́yìn tí mo ti bó wọn ya tán, a sì gbé ẹnu ìfun sí ara ikùn rẹ̀ kí ó máa yàgbẹ́ sínú àpò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni èsì jáde láti yàrá àyẹ̀wò. Wóró lymph mẹ́sàn-án ni wọ́n rí, jẹjẹrẹ wà nínú méjì. Jẹjẹrẹ ti wọ ara àpò ìtọ̀ lóòótọ́, etí ibi tí mo gé kò sì mọ́.

Ojú ọgbẹ́ rẹ̀ kẹ̀. Dípò ọjọ́ márùn-ún, ọjọ́ 29 ni ó lò lọ́dọ̀ wa. Kẹ́mò, ìyẹn oògùn tí ń pa jẹjẹrẹ, tí ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó pé, ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí ọgbẹ́, àti nítorí pé owó tí wọn ì bá fi rà á ni a ti fi ra stapler. Iléyá dé, ó kọjá. Ní oṣù kẹjọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ó wá sí kílíníkì pẹ̀lú àkọ́bí rẹ̀, ó tú ìró rẹ̀ díẹ̀, ó fi ìka kan nǹkan kan lápá òsì ikùn rẹ̀ tí ó le tí ó sì yọ sókè bí ẹ̀kùrọ́. Kò bínú. Ó ní, "Dókítà, ihò tí ẹ lu sí mi lára ni ó ń wú yìí." Oṣù méje lẹ́yìn náà ni ó kú. Àkọ́bí rẹ̀ wá san gbèsè tí ó kù ní ọ́fíìsì owó, ó sì yà sọ́dọ̀ mi láti dúpẹ́ pé a gbìyànjú. Mo ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé kókó náà ya, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ bí ẹni tí ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. Lálẹ́ ọjọ́ tí ó wá dúpẹ́ yẹn ni mo pa àwòrán mẹ́sẹ̀ẹ̀sán rẹ́.

Wọ́n ní ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Nínú iṣẹ́ tiwa, aláìsàn ni ó ń jìn sí kòtò, àwa a sì máa kọ́ ọgbọ́n.

Mo padà lọ ka ohun tí mo ti rò pé mo mọ̀. Nínú CLASICC, àwọn tí wọ́n fi ihò bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ìlanú parí ni ìṣòro wọn pọ̀ jù. Bí ẹ bá ka ibẹ̀ sáré, ẹ óò rò pé ìlanú ni ó pa wọ́n lára. Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tí ó wo inú, tí ó rí i pé iṣẹ́ yìí ju ihò lọ, tí ó sì la inú kí ohunkóhun tó bàjẹ́, àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ lé dé ìdí ìlanú. Ti àkọ́kọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí a ti pinnu láti la inú rẹ̀ láti ilé. Ti èkejì ni mo ṣe. Wọ́n tún fi hàn níbẹ̀ pé ìyípadà sí ìlanú jẹ́ 38 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọdún àkọ́kọ́, tí ó sì já sí 16 ní ọdún kẹfà. Àwọn tí wọ́n kópa nínú ìwádìí yẹn kì í ṣe ọmọdé nínú iṣẹ́, síbẹ̀ wọ́n ń la inú, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi tí mo ti ṣe mẹ́sàn-án péré ni mo rò pé ìtìjú ni.

Ní 2015, ọdún kan lẹ́yìn obìnrin yìí, ìwádìí méjì jáde papọ̀ nípa jẹjẹrẹ ìdí, ọ̀kan láti Amẹ́ríkà pẹ̀lú aláìsàn 486, èkejì láti Australia àti New Zealand pẹ̀lú 475. Ìfun ìdí kì í ṣe sigmoid, mo mọ̀. Ohun tí wọ́n wọ̀n ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Wọn kò wọn àpá, wọn kò sì ka ọjọ́ tí aláìsàn lò lórí ibùsùn gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè àkọ́kọ́. Ohun tí oníṣẹ́ abẹ yọ ni wọ́n gbé sórí tábìlì: ṣé ó jáde ní odindi, ṣé etí rẹ̀ mọ́? Ní Amẹ́ríkà, ó rí bẹ́ẹ̀ fún 81.7 nínú ọgọ́rùn-ún láti ojú ihò, àti 86.9 nípa ìlanú. Ní Australia àti New Zealand, ó jẹ́ 82 sí 89. Àwọn méjèèjì kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ihò kò rẹ̀yìn sí ìlanú. Lọ́dún kan náà, COLOR II ti ilẹ̀ Yúróòpù, pẹ̀lú aláìsàn 1,044, ròyìn pé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, jẹjẹrẹ padà hù níbi tí wọ́n ti gé e lára 5 nínú ọgọ́rùn-ún ní apá méjèèjì. Ẹni tí ó bá fẹ́ jà yóò rí ohun ìjà. Èmi kò fẹ́ jà mọ́. Mo kàn ń béèrè pé kí wọ́n gbé ohun tí wọ́n yọ wá kí n wò ó.

N kò pa iṣẹ́ oníhò tì, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọ̀rọ̀ mi gbè sẹ́yìn ọ̀gá mi àtijọ́. Fún kókó tí kò lẹ̀ mọ́ ohun kan, ihò ni mo máa ń fẹ́, nítorí pé ọgbẹ́ rẹ̀ kì í sábà kẹ̀, aláìsàn a sì tètè gba kẹ́mò. Fún ẹni tí àrùn ti tàn kálẹ̀ nínú rẹ̀, tí kò gbà ju kí a gbé ẹnu ìfun jáde lọ kí ó lè rí ìtura, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a la á láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ó bá ṣeé ṣe láti ojú ihò. Fún kókó ńlá tí mo fura sí, ihò kan ni mo kọ́kọ́ ń lu láti fi kámẹ́rà wò, nítorí pé CT kì í rí àwọn wóró jẹjẹrẹ kéékèèké tí ó máa ń fọ́n sára awọ inú ikùn. Bí mo bá rí wọn káàkiri, mo ti gba aláìsàn lọ́wọ́ ọgbẹ́ ńlá tí kò ní ṣe é láǹfààní. Bí n kò bá rí wọn, ṣùgbọ́n tí kókó lẹ̀ mọ́ àpò ìtọ̀, tàbí ilé ọmọ, tàbí ara ikùn, mo máa ń la inú lójú ẹsẹ̀. Ìfun tí ó dí, tí ó sì wú, kò tilẹ̀ fi ààyè sílẹ̀ fún kámẹ́rà. Ẹ má bá a du ú.

Ó tún ní ohun kan tí kò sí lọ́wọ́ wa nígbà náà. Ní 2023, ìwádìí kan tí wọ́n pè ní FOxTROT tẹ èsì rẹ̀ jáde lórí aláìsàn 1,053 tí jẹjẹrẹ ìfun ńlá wọn ti wọ inú jinlẹ̀, tí ìfun wọn kò sì dí. Àwọn kan gba kẹ́mò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú iṣẹ́ abẹ, àwọn yòókù lọ tààrà sí tíátà. Láàárín ọdún méjì, àrùn kù sílẹ̀ tàbí padà wá bá 16.9 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ti àkọ́kọ́, àti 21.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ti èkejì. Bí obìnrin aláṣọ òkè yẹn bá wọlé wá lónìí, ọ̀rọ̀ kẹ́mò ni n óò kọ́kọ́ bá a sọ, ọ̀rọ̀ ìlanú ni yóò tẹ̀ lé e, n óò sì sọ èkejì fún ìdajì wákàtí.

Ní tíátà mi báyìí, Mátírọ́nì ni ó ń kọ aago tí a bẹ̀rẹ̀ sára pátákó. Àwo ìlanú máa ń wà ní ṣíṣí láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ìdajì wákàtí bá kọjá tí iṣẹ́ kò kúrò lójú kan, òun ni yóò sọ ọ́, kì í sì í béèrè; gbólóhùn tí a jọ fẹnu kò sí ni "Aago ti tó, Dókítà." Ní ìgbà méjì tí mo fẹ́ bá a jiyàn, ó fi ojú wò mí, mo sì na ọwọ́ fún ọ̀bẹ.

Mo rí i pé n kò tíì kúrò lórí ẹ̀kẹta, ojú ìwé sì ti ń tán. Kí àwọn tí ó ní kí n kọ mẹ́fà fi orí jì mí.

Lálẹ́ ọjọ́ tí àwòrán pílásítà mẹ́rin yẹn dé, mo kọ̀wé sí ẹni tí ó fi í ránṣẹ́, èmi àti òun nìkan, mo ní kí ó fi àwòrán ohun tí ó yọ hàn mí. Ó di ọjọ́ kejì kí ó tó fèsì. Ó tẹ́ ìfun náà sórí aṣọ tíátà, ó fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ yín, ọ̀rá rẹ̀ sì ń dán ní ibi púpọ̀. Ní apá kan, nítòsí kókó, ó ya ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà méjì. Mo pè é. Ó ní, "Mo rí i, sà." Mo béèrè bóyá ó ti kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ abẹ. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní òun wà ní wọ́ọ̀dù, pé fáìlì náà wà níwájú òun, kí n jọ̀ọ́ dúró lórí ìlà kí òun wá bírò.